Ẹ Bi Àǹtí Kámẹ́rà: Ẹ̀rọ Ló Tún Un Ṣe, Ojú Ẹlòmíì Ló Wá Jáde

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ̀ ń fi kámẹ́rà jẹun. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí mi lórí AI yìí, ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀, ti pọ̀ débi pé mo ní láti gbé àwọn ìbéèrè lórí lẹ́ǹsì àti iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Àwọn kan nínú yín ti sọ ọ́ di òrìṣà, àwọn kan ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ rárá. Èmi ò sí nínú méjèèjì. Mò ń lò ó, ó ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà, ó sì ti dójú tì mí níwájú kọ́sítọ́mà rí, màá sọ ìyẹn nísàlẹ̀. Mo gé lẹ́tà yín kúrú díẹ̀, orúkọ tẹ́ ẹ fún ara yín ni mo sì fi sílẹ̀.

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá ya ìgbéyàwó kan báyìí, mo lè ya tó 4,000 fọ́tò, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń jókòó yan èyí tó dáa nínú ẹ̀, ọrùn á máa dùn mí, ojú á máa ta mí. Ọ̀rẹ́ mi ní AI ló ń bá òun yan tòun, láàárín wákàtí kan ó ti parí. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ da èyí tó dáa nù. Ṣé kí n bọ́ sí i? — Ọrùn Ń Dùn Mí

Bọ́ sí i, àmọ́ má gbé gbogbo ẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wò ò pọ̀: ṣé fókọ́ọ̀sì wà lójú, ṣé ojú là, àwọn fọ́tò wo ló jọra, èwo ló mọ́ jù nínú wọn. Iṣẹ́ gidi nìyẹn o, torí òun gan-an ló ń jẹ àkókò wa. Ibi tó ti máa ń ṣìnà ni ibi tí fọ́tò bá ti dáa láìjẹ́ pé ó mọ́. Bàbá ìyàwó ń nu omijé, ọwọ́ ti bo ìdajì ojú ẹ̀, ẹ̀rọ á ní ojú ò hàn, ó sọ ọ́ nù. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín débi pé ojú ẹ̀ pa dé, á ní ẹni yìí ń sùn. Àwọn tó ń jó, tí aṣọ ń fò, tí gbogbo ẹ̀ rí wúruwùru bí ijó gan-an ṣe rí, á ní kò mọ́.

Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé kò mọ ẹni tó jẹ́ ta ni. Ìyá àgbà kan wà níbi òde kan tí mo yà, fọ́tò méjì péré ni mo rí yà nínú tiwọn kí wọ́n tó gbé wọn lọ sílé, wọ́n sì ń tòògbé nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi náà ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo fi fọ́tò ránṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé "Màmá dà?" Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì pa ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì káàdì yẹn rẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé mo ní kó kó àwọn tó jọra pọ̀, kó fi ìràwọ̀ sí èyí tó bá rò pé ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó pa ẹyọ kan rẹ́. Lẹ́yìn náà màá wá sáré gba inú àwọn tó kọ̀ sílẹ̀ kọjá, bí ìdajì wákàtí péré, ojú ara mi ni mo fi ń wò ó, kò sì sí òde kan tí mi ò kì í ti rí bíi mẹ́wàá gbà padà. Àti pé kó o tó bẹ̀rẹ̀, kọ àwọn tí wọ́n máa béèrè sílẹ̀ sórí bébà, òbí, àwọn àgbà, ọmọdé tó gbé òrùka, kó o wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ káàsán mà. Inú gbọ̀ngàn tí iná ò ti tó ni mo ti yàwòrán, mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ sí, lọ sí 12,800, gbogbo fọ́tò wá dà bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Mo lo Denoise, AI tó ń yọ iyanrìn kúrò, ó mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun àwọn èèyàn dà bí ike. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? — Iyanrìn Lójú

O fà á jù ni. Denoise tó wọ inú Lightroom, app tá a fi ń tún fọ́tò ṣe, ní oṣù kẹrin ọdún 2023 kì í ṣe idán. Fọ́tò tó ní iyanrìn àti irú ẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́pọ̀lọpọ̀, títí tó fi mọ bó ṣe lè méfò ohun tó wà lábẹ́ iyanrìn. Tí iyanrìn ò bá pọ̀, ohun tó méfò á sún mọ́ òótọ́, tó bá ti pọ̀ jù, inú orí ara ẹ̀ ló ti ń fa irun yọ, ike tó o rí nìyẹn. RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fọwọ́ kàn, ni kó o fi ṣe, má fi JPEG tí kámẹ́rà ti fún pọ̀ ṣe é, kó o sì ṣe é kó o tó fọwọ́ kan nǹkan míì lára fọ́tò yẹn. Má fà á kọjá ìdajì. Fẹ fọ́tò yẹn dé 100%, wo irun, wo ìpéǹpéjú, wo àkọlé tó bá wà lára ògiri lẹ́yìn. Tí lẹ́tà bá ti di lẹ́tà tí ò sí nínú èdè kankan, fà á padà.

Àwọn ojú kéékèèké tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ńkọ́? Ojú tí ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ nínú fọ́tò, app tó bá ní òun sọ ọ́ di ojú tó mọ́ kedere, ojú tó rò lọ́kàn ara ẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe ti onítọ̀hún. Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Iyanrìn díẹ̀ ò pa fọ́tò rí.

Àǹtí, mo fi app kan tó ń fi AI tún ojú ṣe ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò obìnrin kan tó dúdú dáadáa. Nígbà tó rí i, ó pè mí, kò tiẹ̀ pariwo, ó kàn ní "Ta nìyí?" Mo wá wò ó dáadáa, ẹ̀rọ yẹn ti sọ ọ́ di pupa, ó ti sọ imú ẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, àmì ìbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè ẹ̀ ti pòórá. Ojú tì mí gan-an. Kí ló fà á, kí ni mo lè ṣe kó má ṣẹlẹ̀ mọ́? — Ta Nìyí

Ìwọ nìkan kọ́, ìtìjú tèmi náà tí mo ní màá sọ rèé. Mo da bíi 300 fọ́tò sínú irú app yẹn lálẹ́, mo lọ sùn, mo jí, mo wo mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́, mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n dúdú, àbúrò pupa, àwọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ fún àwọn méjèèjì, wọ́n wá dà bí ìbejì tí ò jọra. Ẹ̀gbọ́n yẹn bi mí pé ṣé òun ò rẹwà tó bí òun ṣe wà ni. Mi ò rí ẹnu fèsì. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ohun tó fà á nìyí: ẹ̀rọ ò mọ ẹwà, àwọn fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ nìkan ló mọ̀. Tó bá jẹ́ ojú aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni á máa wọ́ gbogbo ojú lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lórí AI o. Láyé fíìmù, káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Shirley, tí Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ń fi ránṣẹ́ sáwọn ilé ìfọ̀wòrán, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lára ẹ̀, awọ ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣètò àwọ̀ fọ́tò gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá dúdú, á jáde bí èédú, eyín àti ojú nìkan lẹ ó rí. Nígbà tó di 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí méjì, gbé àwọn ẹ̀rọ tó ń wojú sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ti ilé iṣẹ́ mẹ́ta, wọ́n dán wọn wò. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, èyí tó ṣàṣìṣe jù ò ju 0.8% lọ. Lórí obìnrin tó dúdú, ó tó 34.7%. Ẹ gbà mí o, ẹ̀rọ tí ò mọ̀ bóyá obìnrin ni, òun lẹ fẹ́ kó bá yín ṣe é lóge? Kì í ṣe pé kò ṣeé tún ṣe o. Ní 2021 tí Google gbé Pixel 6 jáde, wọ́n fi ohun tí wọ́n pè ní Real Tone sí i, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwọ̀ dúdú ni wọ́n pè wá bá wọn ṣe é, ìyàtọ̀ sì wà. Àfi kéèyàn kọ́kọ́ gbà pé nǹkan ò dáa níbẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́ wa. Láti inú kámẹ́rà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀: má ya ẹni tó dúdú sínú òkùnkùn kó o wá ní AI á gbé e sókè, torí nígbà tó bá ń gbé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sókè ló ti ń yí àwọ̀ ẹ̀ padà. Jẹ́ kí iná tó lójú ẹ̀, lo káàdì aláwọ̀ eérú tí kámẹ́rà fi ń mọ àwọ̀ tó tọ́, kó o ti white balance, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, pa síbi kan, má fi sí auto. Nínú app yẹn, wọ sẹ́tíǹsì, pa gbogbo ohun tó bá ti ní òun ń mú kí awọ mọ́lẹ̀, òun ń tún imú tàbí àgbọ̀n gé. Àìmọye ìgbà ni wọ́n máa ti ṣí i sílẹ̀ fún ẹ láìbi ẹ́. Iṣẹ́ tí mo gbà kó ṣe lójú èèyàn ò ju irorẹ́ lọ. Òfin kan wà tí èmi ń tẹ̀ lé: ohun tó bá máa lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí irorẹ́, bí ojú tó wú torí oorun tí ò tó, mo lè mú un kúrò. Ohun tí ò ní lọ, bí àpá, àmì ìbí, ìlà ọjọ́ orí, mo gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí mo béèrè, ọkùnrin yẹn ní àpá yẹn gan-an lòun fẹ́ kó hàn, torí ohun tójú òun rí kóun tó yè é.

Jẹ́ kí iṣẹ́ tí AI ṣe wà lórí léyà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ìpele kan tó dúró lórí fọ́tò láìfọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, kó o dín in kù dé bíi 40%, kó o sì gbé fọ́tò tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó o tó fi ránṣẹ́. Tí app tí ò ń lò bá jẹ́ irú èyí tó ń kọ́ ọwọ́ èèyàn látinú fọ́tò tó ti ṣe parí, tìẹ ni kó o fi kọ́ ọ, kí àwọ̀ oríṣiríṣi wà nínú ẹ̀. Kó o sì bẹ obìnrin yẹn. Má sọ pé ẹ̀rọ ni. Ìwọ lo fi ránṣẹ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́sítọ́mà mi kan ní kí n fi AI fi bàbá òun tó ti kú sínú fọ́tò ìgbéyàwó òun, kó dà bíi pé wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé kí n má ṣe é. Ọmọbìnrin yẹn sì ń sunkún nígbà tó ń bẹ̀ mí. — Màmá Ìbejì

Ẹ ṣé mà, ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, àmọ́ mi ò sí lẹ́yìn wọn lórí èyí. Irọ́ ni tẹ́nì kan bá wà tó máa gbà á gbọ́. Ọmọ yẹn mọ̀ pé bàbá òun ò sí níbẹ̀, gbogbo ilé mọ̀, ìrántí ló fẹ́. Ẹ bá a ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ìyá ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀ mọ̀ sí i, torí fọ́tò tó ń pa ẹnì kan lẹ́rìn-ín lè mú ẹlòmíì bú sẹ́kún. Ẹ gba fọ́tò bàbá náà gan-an lọ́wọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí AI fi ọwọ́ ara ẹ̀ ya ojú wọn. Tó bá fẹ́ bá yín parí èjìká tàbí apá aṣọ tó gé kúrò, ìyẹn ò burú, ojú nìkan ni kó má fọwọ́ kàn. Ẹ wá fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ti ìgbéyàwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dà bí bébà tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ọn. Méjì ni kẹ́ ẹ fún un, èyí tí bàbá wà nínú ẹ̀ àti èyí tí wọn ò sí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì yẹn pé àdàpọ̀ ni. Tó bá pé ogún ọdún, àwọn ọmọ ọmọ lè má mọ̀.

Tó bá jẹ́ fọ́tò ìròyìn ni, ẹnu mi ò ní dún báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, fọ́tò Ọmọọba obìnrin ti Wales àtàwọn ọmọ ẹ̀ jáde, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn bí AP àti Reuters rí i pé ibì kan lára ọwọ́ aṣọ ọmọ ẹ̀ obìnrin ò bára mu, wọ́n fà á kúrò lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò ìyá àtọmọ lásán o! Torí ẹni tó ń ka ìròyìn ò sí níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá fi hàn án ló máa gbà.

Mo fi wákàtí mẹ́ta dúró de ẹyẹ kan kó tó balẹ̀, mo yà á, mo gbé e lọ síbi ìdíje, adájọ́ kan ní AI ni. Inú bí mi débi pé mi ò sùn. Báwo ni màá ṣe fi hàn pé èmi ni mo yà á? — Ẹyẹ Mi Ni

Pẹ̀lẹ́. RAW yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ? Òun ni kó o kọ́kọ́ gbé síwájú wọn, pẹ̀lú fọ́tò tó ṣáájú ẹ̀ àtèyí tó tẹ̀ lé e. AI lè ṣe ẹyọ kan tó rẹwà, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti ṣe ogójì tí ẹyẹ kan náà ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ogún nínú ẹ̀ sì bàjẹ́. Ohun tó bàjẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rí ẹ, má máa pa á rẹ́. EXIF, àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti sẹ́tíǹsì tí kámẹ́rà ń fi sínú fọ́tò, dáa, àmọ́ èèyàn lè yí i padà, torí náà má gbára lé òun nìkan. Àwọn app tó ní òun mọ fọ́tò AI yàtọ̀, wọ́n máa ń ṣìnà lápá méjèèjì, mi ò lè fi wọ́n dá ẹjọ́ adìẹ.

Ohun tuntun kan wà tó ń jẹ́ Content Credentials. Àwọn ilé iṣẹ́ kan para pọ̀ dá ẹgbẹ́ C2PA sílẹ̀ ní 2021 láti ṣètò ẹ̀. Kámẹ́rà fúnra ẹ̀ á buwọ́ lu fọ́tò látìgbà tó o ti tẹ̀ ẹ́, ohun tó o bá ṣe sí i lẹ́yìn ìyẹn á máa wọlé sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀, tí app tó o fi ń tún un ṣe bá ń gbà á. Leica M11-P ni kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó gbé e jáde, ní 2023. Tí tìẹ bá ní i, ṣí i.

Má bínú sí adájọ́ yẹn jù, ojú wọn ti rí nǹkan. Ní 2023, Boris Eldagsen, ará Jámánì, gbégbá orókè nínú ẹ̀ka kan ní Sony World Photography Awards, ló bá dá ẹ̀bùn padà, ó ní AI lòun fi ṣe é, òun fẹ́ wò ó bóyá àwọn ìdíje ti múra sílẹ̀ fún AI ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Miles Astray gbé fọ́tò gidi kan, ẹyẹ flamingo tí orí ẹ̀ ò hàn, wọ inú ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún AI nínú ìdíje míì, ó gba ẹ̀bùn níbẹ̀, ó wá jẹ́wọ́, wọ́n yọ ọ́. Èmi rẹ́rìn-ín títí. Nítorí náà ka òfin ìdíje dáadáa kó o tó wọlé, ọ̀pọ̀ ò ní sọ nǹkan kan sí Denoise, àmọ́ tó o bá ti fi AI ya ewé kan ṣoṣo mọ́ igi yẹn, wọ́n lè lé ẹ.

Ṣé wọ́n ti jí fọ́tò mi fi kọ́ AI? — Mo Fẹ́ Mọ̀

Ó ṣeé ṣe, tó o bá ti ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì látijọ́. LAION-5B, àkójọ tí wọ́n fi ń kọ́ AI, tó jáde ní 2022, línkì àwòrán tó lé ní bílíọ̀nù 5 ni wọ́n kó jọ sínú ẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Getty Images tó ń ta fọ́tò gbé Stability AI, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe AI tó ń yàwòrán, lọ sílé ẹjọ́ ní 2023 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó ti lọ ti lọ. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ ni èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, pàápàá fọ́tò kọ́sítọ́mà àti ti ọmọdé. Kó o tó da fọ́tò ẹlòmíì sínú app ọ̀fẹ́, wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí bóyá wọ́n máa fi kọ́ ẹ̀rọ wọn, tó o bá sì rí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń kọ̀ ọ́, tẹ̀ ẹ́. Tó ò bá rí i, wá app míì. Kí o sì mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti sọ ọ́ ní 2023 pé kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí àwòrán tí ẹ̀rọ dá ṣe, torí náà ohun tó o bá ní kí AI ṣe fún ẹ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹlòmíì lè mú un lò, ó lè má sí ohun tó o máa fi mú un.

Mà, mo fi Generative Fill, AI inú Photoshop tó ń ya ohun tuntun mọ́ fọ́tò, fẹ ẹ̀yìn fọ́tò kan kó lè gùn, lórí fóònù ó dáa gan-an, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá fún ògiri, apá tí AI ṣe rí bàìbàì, ó yàtọ̀ sí ìyókù. Kọ́sítọ́mà ò tíì rí i. — Ọkàn Mi Ò Balẹ̀

Dúpẹ́ pé wọn ò tíì rí i. Nígbà tó kọ́kọ́ dé inú Photoshop ní 2023, ohun tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ò ju píksẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò) 1024 sí 1024 lọ, ó kàn máa ń fà á tó bá ti tóbi ju ìyẹn lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ohun tó ṣe fún ẹ kéré sí fọ́tò ẹ. Padà lọ, sàmì sí ibi kéékèèké lẹ́ẹ̀kan, ìdì kan lẹ́yìn ìkejì, má mú gbogbo ẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, fi iyanrìn díẹ̀ sórí apá yẹn, irú èyí tó wà lára fọ́tò tìẹ gan-an, òun ló máa so méjèèjì pọ̀. Gé ibi tí wọ́n ti pàdé jáde, tẹ ìwọ̀nba yẹn lórí bébà kékeré, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kó o wò ó kó o tó náwó sí ńlá.